Ìtọ́kọ̀ Kì Í Gbé Ọkọ̀ Sókè

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí. Ọdún mẹ́ta péré ni. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó yí ilé wa ká ní Ìyànà Ìpájà, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó pa á.

Láti ìgbà náà, ohùn méjì ni mò ń gbọ́. Àwa ará ẹ̀ka yìí ń bínú, a sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní tiwọn ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀: “Ẹ lè fi Yorùbá kí ọba, ẹ lè fi kéwì. Ṣé ẹ lè fi kọ́ èèyàn ní físíìsì?” Èmi ò ka ìbéèrè yẹn sí èébú. Ìbéèrè gidi ni, ìbínú kọ́ sì ni ìdáhùn rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni ìdáhùn rẹ̀, ó sì yẹ kí àpẹẹrẹ náà jẹ́ ohun tó jìnnà sí oko àti ilé ìdáná, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ibi tó rọrùn ni mo mú.

Ìtọ́kọ̀ ni mo mú. Òun ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà ní ìdí ọkọ̀ ojú omi, tó wọ inú omi lọ, tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Kì í ṣe ti ọkọ̀ ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà wá sí Àpápá. Ti kátámáránì kékeré ni, èyí tí wọ́n fi ń díje: ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ọ̀pá dè pọ̀, tí òpó ìgbòkun kan dúró láàárín wọn. Inú èdè Tamil ni orúkọ náà ti wá, níbi tí kattu ti jẹ́ dídè, tí maram sì jẹ́ igi. Igi tí a dè pọ̀. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò rìn jìnnà rárá, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè ohun tó kan ọmọ Ìyànà Ìpájà pẹ̀lú kátámáránì. Lóòótọ́, omi tí àwa ń rí ládùúgbò wa ni èyí tó ń kún ojú títì nígbà òjò. Ṣùgbọ́n Èkó kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932, Hobie 16 sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń díje níbẹ̀. Hobie 16 ni kátámáránì tí Hobie Alter, ọmọ California, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 5, òpó ìgbòkun rẹ̀ ga tó mítà 8. Ẹni tó bá sì gba orí Third Mainland Bridge kọjá láàárọ̀ ti rí ọkọ̀ mìíràn: ọkọ̀ àwọn apẹja Mákòkó tí wọ́n ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, tí ẹnìkan jókòó sí ìdí ọkọ̀ tó ti àjẹ̀ bọ omi, tí kò fi í tukọ̀ àmọ́ tó ń fi í darí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ganvié, lórí odò Nokoué ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àjẹ̀ yẹn àti ìtọ́kọ̀ Hobie ń ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Èdè wa kò bá nǹkan yìí lójijì. Ẹni tó bá ka ìwé Jákọ́bù orí kẹta nínú Bíbélì Yorùbá yóò rí ìtọ́kọ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ahọ́n wé e. A ní àjẹ̀, a ní ìgbòkun, a ní ìdákọ̀ró, a ní atukọ̀. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni bí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe pín iṣẹ́ fún ara wọn. Títu ọkọ̀ ni kí a fi àjẹ̀ wa omi kí ọkọ̀ lè lọ. Títọ́ ọkọ̀ ni kí a mú un gba ọ̀nà tó yẹ, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Yíyà ni kí a kúrò lójú ọ̀nà bọ́ sí òmíràn, òun ló sì bí orúkọ àdúgbò tiwa gan-an: ìyà àti ọ̀nà ló di ìyànà. Tí a bá wá sọ pé darí, ọ̀pọ̀ wa gbà pé orí wà nínú rẹ̀, pé a ń da orí nǹkan sí ibì kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn, nítorí pé orí kọ́ ni ìtọ́kọ̀ ń dà. Nígbà tí dánfó bá fẹ́ yà kúrò lójú títì Abẹ́òkúta sí ọ̀nà Ẹgbẹ́dá, táyà iwájú ló kọ́kọ́ yà, ìdí ọkọ̀ á wá tẹ̀lé e. Ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni ìtọ́kọ̀ wà. Tí ìtọ́kọ̀ bá ti ìdí ọkọ̀ sósì, orí ọkọ̀ á kọjú sọ́tùn-ún. Ẹni tó bá yà kíákíá nígbà tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ìdí ọkọ̀ ni yóò fi gbá èbúté náà. Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo máa fi kọ́ ọmọ nípa ìtọ́kọ̀ ni pé: ìdí la ń tì kí orí lè yà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́jọ, ó sì ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ilẹ̀ kò mọ̀.

Kí ló wá ń ti ìdí náà? Tí ìtọ́kọ̀ bá dúró gbọọrọ ní ìlà kan náà pẹ̀lú ọkọ̀, omi á pín sí méjì níwájú rẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá, kò sì sí ẹ̀gbẹ́ tó lágbára ju èkejì lọ. Ẹ wá yí i díẹ̀, bíi dígíríì márùn-ún. Ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí omi, omi á fún mọ́ ọn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, omi á máa sáré, á sì máa dì mọ́ ara ìtọ́kọ̀ bó ṣe ń kọjá, agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ á sì dínkù. Ẹ̀gbẹ́ kan ń tì, ẹ̀gbẹ́ kejì ń fà. Ìtọ́kọ̀ á lọ síbi tí wọ́n ń fà á sí, á sì mú ìdí ọkọ̀ dání lọ.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì nípa fífà yẹn, kó mú ṣíbí kan, kó fi ìka méjì di ìparí ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè máa fì, kó wá jẹ́ kí ẹ̀yìn ṣíbí náà kan omi tó ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ. Ohun tí ó máa rò ni pé omi yóò ta ṣíbí dànù. Omi yóò fà á mọ́ra ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ìmọ̀. Àlàyé kan wà tó gbajúmọ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì nípa apá ọkọ̀ òfuurufú: wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ gùn ju èkejì lọ, pé afẹ́fẹ́ tó gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré kó lè bá ẹnìkejì rẹ̀ pàdé lẹ́yìn. Irọ́ ni. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n pàdé, wọn kì í sì í pàdé. Ìtọ́kọ̀ gan-an ló tú u fó, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì gùn bákan náà, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Àìmọye ọmọ ló ti kọ́ àṣìṣe yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ lóló.

Agbára tí mò ń sọ yìí ń pọ̀ sí i lọ́nà tó yani lẹ́nu. Tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Omi sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́kọ̀ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ tí a yà sílẹ̀ lọ fi lè yí ọkọ̀ tí ìgbòkun rẹ̀ ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Orúkọ tí àwọn ẹnjiníà ń pe agbára yìí ni lift. Ibí ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwa ará ẹ̀ka yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá jókòó ti ìwé atúmọ̀-èdè, tó fẹ́ kó ọ̀rọ̀ 200 jọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí, yóò rí lift, yóò kọ ìgbésókè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò kọjá lọ. Wọ́n á fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n kí ni ìtọ́kọ̀ ń gbé sókè? Kò gbé nǹkan kan sókè. Ẹ̀gbẹ́ ló ń ti nǹkan sí. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ló sọ ọ̀rọ̀ náà di gbajúmọ̀, ó sì bá tiwọn mu nítorí pé òkè ni apá ọkọ̀ wọn ń lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ omi yá a lò, ọ̀rọ̀ náà kò yà mọ́, ó kàn ń lọ síwájú bí ọkọ̀ tí kò ní ìtọ́kọ̀. Ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ilé yóò gbé e mì. Ọmọ tí a bá kọ́ ní ìgbésókè yóò wo ìtọ́kọ̀, yóò wo olùkọ́ rẹ̀, yóò sì gbà pé físíìsì kò yé òun, nígbà tó jẹ́ pé ìtumọ̀ wa ni kò yé.

Èyí tí mo dábàá ni ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́. (Ìtì nìkan ì bá tó, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnìkan máa gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi.) Fún agbára tó ń fa ọkọ̀ padà, tí wọ́n ń pè ní drag, ẹ má jẹ́ ká wá nǹkan kan: ìfàsẹ́yìn ti wà nílẹ̀, rédíò ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọrọ̀ ajé, òun gan-an ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ kò dára.

Èwo ló dára, èwo ni kò dára? Káfíńtà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa, ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo ya pátákó kan fún un sórí ìwé, mo ní fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, pé inú omi ló máa gbà kọjá. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, etí wo ni kó mú?”

“Àbúrò, iwájú ni. Bí ọ̀bẹ.”

Bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Mo wá bi í pé tí a bá wo ẹja àrọ̀ láti òkè, ibo ló nípọn lára rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, “Orí.” Ó tún ronú díẹ̀. “Ó wá ń fẹ́lẹ́ lọ sí ìrù.”

Òun náà nìyẹn. Ìtọ́kọ̀ tó dára, iwájú rẹ̀ róbótó, ó nípọn kí ó tó dé ìdá mẹ́ta ara rẹ̀, ó wá ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí dé etí ẹ̀yìn. Ní ọdún 1933, àjọ NACA ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ìrísí 78 tó bára wọn tan, tí wọ́n fi nọ́ńbà sọ lórúkọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní 0012 ṣì ń wúlò fún ìtọ́kọ̀ títí dòní. Òdo méjì àkọ́kọ́ ń sọ pé kò tẹ̀ sí ibì kankan, pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, nítorí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè yà sọ́tùn-ún bó ṣe ń yà sósì. 12 ń sọ pé ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. Fún pátákó tí mo yà, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.4, ibi tó sì ti nípọn jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 láti etí iwájú. Káfíńtà náà yọ pẹ́ńsùlù létí rẹ̀, ó wọn 6, ó fa ìlà, ó sì bi mí ní ìbéèrè tó dára ju èyí tí mo bi í lọ: kí ló dé tí ẹ̀yìn kò fi lè nípọn bí iwájú, ṣebí omi ti kọjá?

Omi kò tíì kọjá tán. Tí ẹ̀yìn bá nípọn tó sì gé gbàgà, omi tó wá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní lè padé wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò máa yí po lẹ́yìn ìtọ́kọ̀, yíyípo yẹn ló sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo sọ èyí fún un ní Yorùbá, mi ò yá ọ̀rọ̀ kankan, ó sì mi orí. Ẹ wo àjẹ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn nípọn láàárín tí etí wọn sì fẹ́lẹ́. Àwọn tó gbẹ́ ẹ kò ka ìwé NACA.

Pátákó pẹlẹbẹ náà lè darí ọkọ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò rí ara gba àṣejù. Tí a bá yí i díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi tó ń gba etí iwájú rẹ̀ kò ní lè tẹ̀lé e mọ́. Ìtọ́kọ̀ tó rí bí ẹja máa ń pẹ́ jù ú lọ, àmọ́ òun náà ní òpin, nǹkan bíi dígíríì 12 sí 15. Kọjá ibẹ̀, omi tó ti ń dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń fà yóò já kúrò. Ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ á dínkù lójijì, ìfàsẹ́yìn á pọ̀, ìtọ́kọ̀ á di ògiri. Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí ní stall, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò tí ẹ́ńjìnnì dánfó bá kú lórí afárá. Kí olúwa ẹ̀ tó lè kọ́ ìtumọ̀ kejì, ó gbọ́dọ̀ gbàgbé ti àkọ́kọ́. Tiwa kò ní wàhálà yẹn. Omi já. Bí okùn ṣe ń já náà ni. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní wíwà ọkọ̀ lè pariwo láti etí omi pé, “Má jẹ́ kó já!”, ọmọ náà á sì mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Lórí kátámáránì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọkọ̀ méjì tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ kì í fẹ́ yà, gbọọrọ ni wọ́n fẹ́ máa lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi ìbínú yí ìtọ́kọ̀ dé ìparí, omi á já, ìtọ́kọ̀ méjèèjì á dá ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ á kọjú sí afẹ́fẹ́ gbagidi, ìgbòkun á máa lù pàpàpà, àwọn yòókù á sì kọjá lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á jẹ́ kí eré ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ fún un.

Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì náà ní àlàyé. Tí afẹ́fẹ́ bá le, ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì á gbéra kúrò nínú omi, ìtọ́kọ̀ tirẹ̀ á sì wà lófuurufú láìníṣẹ́. Èyí tó kù nínú omi ni yóò dá nìkan ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọ̀pá kan so ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, kí ẹni tó ń darí má baà máa wá èyí tó wà láàyè. Àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà. Tí ọ̀kan bá wo ọ̀tún díẹ̀ tí èkejì wo òsì, wọ́n á máa bá ara wọn jà nínú omi ní gbogbo ọ̀nà, ọkọ̀ á sì máa san owó ìjà náà.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ mọ́ omi tiwa. Ìtọ́kọ̀ Hobie lè ṣẹ́ sókè fúnra rẹ̀ tó bá kan yanrìn, kó má baà ṣẹ́ dànù. Ọ̀sà wa kò jìn níbi púpọ̀, koríko tí wọ́n ń pè ní water hyacinth sì wà lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti gba ọ̀nà Bàdágìrì wọlé ní nǹkan bí ọdún 1984. Ìtọ́kọ̀ tó dúró ṣánṣán á kó koríko yẹn jọ bí ìwọ̀, èyí tó dà sẹ́yìn díẹ̀ á jẹ́ kó yọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́kọ̀ bá dà sẹ́yìn jù, á wúwo lọ́wọ́, nítorí pé gbogbo omi tó ń tì í wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n so ó mọ́. Àwọn tó ń díje máa ń mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá síwájú díẹ̀ kó lè fúyẹ́. Wọn kì í mú un wá jù, torí pé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹni tó mọ bí ẹrù ṣe ń tẹ̀wọ̀n lórí kẹ̀kẹ́ Marwa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó kù síbì kan tí wọ́n lè ti bá mi jiyàn, ibẹ̀ ló sì lágbára jù. Ẹnjiníà kan lè sọ pé lift kì í ṣe òkè fún òun, pé agbára èyíkéyìí tó bá dábùú ọ̀nà omi ni, bó lọ sókè, bó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òfin kan náà ló ń ṣàkóso wọn, ó sì yẹ kí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan. Ó tọ̀nà. Nacra 17, kátámáránì tí wọ́n ń lò ní ìdíje Olíńpíìkì láti Rio 2016, tí akọ àti abo jọ ń wà, fi èyí hàn kedere. Láti ìdíje Tokyo ni wọ́n ti sọ ọ́ di èyí tó ń fò: ó ní apá nínú omi tó ń gbé ọkọ̀ méjèèjì kúrò lójú omi pátápátá. Ìsàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ní apá kékeré tó nà sọ́tùn-ún sósì, tí gbogbo rẹ̀ wá dà bí lẹ́tà T tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ máa fì lọ sókè sódò. Nígbà mìíràn á tì í sókè, nígbà mìíràn á fà á sísàlẹ̀ kí imú ọkọ̀ má baà wọ omi.

Ẹ ò wá rí i? Lórí ìtọ́kọ̀ kan ṣoṣo, agbára ọ̀nà mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì sì ń pe gbogbo wọn ní lift. Tiwa lè sọ pé ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́, ìtìsókè, ìtìsísàlẹ̀. Ìtì inú wọn ni òfin kan náà tí ẹnjiníà ń wá. Ohun tó kù ń sọ ibi tó kọjú sí. Ẹni tó kọ ìgbésókè kò lè ṣe èyí, àfi kó máa sọ pé ìgbésókè sísàlẹ̀. Mi ò sọ pé èdè wa ga ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó sọ ọ́ lórúkọ yóò rí orúkọ tó dára, ní èdèkédè.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìperí ní ẹ̀ka wa. Àwọn àgbà tó ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá fún wa, ìdìpọ̀ kìíní láti ọwọ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé àti ìdìpọ̀ kejì láti ọwọ́ Ọládélé Awóbùlúyì, ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ń sọ lórúkọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n tinútòde. Àwa wá ń lo ọgbọ́n wọn lórí ohun tí a kò mọ̀. A ń kó ọ̀rọ̀ jọ nípa ọkọ̀ òfuurufú, nípa kọ̀ǹpútà, nípa iṣẹ́ abẹ, láìbá ẹnikẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà a ń bínú pé ìjọba ní èdè wa kò tó.

Wọ́n á ní WAEC kì í ṣe ní Yorùbá. Ìdáhùn ìyẹn ti wà láti ọdún 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àwọn yẹn ṣe tí àwa kò ṣe ni pé wọ́n kọ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, wọn kò dúró síbi àtòjọ ọ̀rọ̀.

Àbá mi kò ní ná ẹ̀ka wa ní kọ́bọ̀. Kí a má gba ìperí kankan wọlé sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà fi kọ ìpínrọ̀ kan, tó fi ṣàlàyé nǹkan náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí ẹni náà sì lè ṣe nǹkan kan pẹ̀lú rẹ̀: kó fa ìlà, kó yí ọwọ́, kó dá ìbéèrè padà. Ìperí 20 tó ti rí irú ìdánwò yìí sàn ju 200 tó sùn sínú ìwé lọ. Ẹni tó bá rò pé èyí pọ̀ jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn, kó lọ wo iye wákàtí tí a fi ń to ìwé ìtọ́kasí.

Tèmi ti dúró síbì kan tí ìwé kò lè ràn mí lọ́wọ́, ẹ̀yin tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí sì pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú, ní Bàdágìrì àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí àwọn ará omi ń pe ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ nígbà tí kò tukọ̀ mọ́ tó kàn ń ti àjẹ̀ bọ omi láti darí, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nígbà tí àjẹ̀ náà bá dábùú jù tí omi sì já kúrò lára rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe é, ẹ má bi mí ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe pè é gẹ́lẹ́, ohùn àti gbogbo rẹ̀.